Òróró Tí Àbúrò Mi Gbé Kúrò Nínú Fíríìjì

Àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ má sì retí pé màá sọ ọ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, èmi náà ni mo fà á lọ́wọ́ wá síbi iṣẹ́ tí mo ti ń jẹun. Ó débẹ̀ tán, ó wá ń tàn ju èmi tí mo mú un wá lọ. Wọ́n ní owú kì í ṣe ohun téèyàn ń sọ síta. Tèmi ti kọjá ohun tí mo lè fi pamọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹja ni mo ń tọ́jú. Kì í ṣe ẹja títà o, ẹja tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣèwádìí ni. Yàrá gígùn kan wà nísàlẹ̀ ilé iṣẹ́ wa, táǹkì méjìlá ló wà níbẹ̀, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, epìyà ogún-ogún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ. Pọ́ǹpù ń kùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, débi pé tí mo bá délé, ìdákẹ́jẹ́ ló máa ń yọ mí lẹ́nu. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti wà nínú yàrá yẹn, gbogbo wọn ló ń pè mí ní Ìyá Ẹja. Síbẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n ń fún mi ní ìwé tuntun tó ní òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni mí, bí ẹni tó dé lánàá.

Bẹ́ẹ̀ mo mọ iṣẹ́ náà dé egungun. Tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ẹja, mi ò ní fi àwọ̀n lé e kiri inú omi bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń ṣe. Iná ni màá kọ́kọ́ pa, màá dúró títí wọn á fi fara balẹ̀, màá wá ti àwọ̀n bọ abẹ́ wọn wẹ́rẹ́. Ẹja tí ẹ̀rù bá bà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní ti oúnjẹ wọn, èmi ni mo ń fi òróró pò ó láràárọ̀, n kò sì ní bu òróró kankan láìjẹ́ pé mo gbé imú sí ẹnu ìgò rẹ̀ ná. Òróró ẹja tó dára, òórùn ẹja tútù ló máa ń ní. Tó bá ti fẹ́ bàjẹ́, òórùn ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kun ilẹ̀kùn á yọ lára rẹ̀, díẹ̀ báyìí, tí imú ẹlòmíràn ò lè mọ̀. Imú tèmi máa ń mọ̀.

Àbúrò mi ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ aṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ihò bọ́tìnnì ló fi ọdún mọ́kànlá rán. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, ó wá jókòó sílé Màámi, ó ń wo ògiri. Mo lọ bá Ọ̀gá wa, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbàlagbà kan tó máa ń wọ sílípáàsì kiri ibi iṣẹ́, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi gba àbúrò mi kó máa fọ táǹkì. Wọ́n gbà. Oṣù mẹ́ta ló fi fọ táǹkì. Mo ń pàṣẹ, ó ń dá mi lóhùn pé, "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n mi," inú mi sì ń dùn. Ìgbádùn mi kò ju oṣù mẹ́ta náà lọ.

Lọ́jọ́ kan ni ẹni tó ń ka sẹ́ẹ̀lì fún Ọ̀gá ṣàìsàn. Ohun tí Ọ̀gá ń wádìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì agbèjà, ìyẹn àwọn tó ń gbé kòkòrò àìsàn mì nínú ara ẹja. Kíndìnrín ẹja, lápá ibi tó sún mọ́ orí, ni wọ́n ti ń mú wọn. Wọ́n á po sẹ́ẹ̀lì náà mọ́ ìwúkàrà tí wọ́n ti pa láró, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, èèyàn á wá fojú sí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, á máa kà á: èyí gbé ìwúkàrà méjì mì, èyí gbé mẹ́rin, èyí ò gbé nǹkan kan. Igba sẹ́ẹ̀lì lórí gíláàsì kan. Iṣẹ́ tó ń mú ojú ṣomi ni. Ọ̀gá kàn ní kí àbúrò mi gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó jókòó, kò gbórí sókè, ó ka igba náà tán. Ọ̀gá fúnra wọn tún un kà, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ.

"Níbo lo ti kọ́ èyí?" Ọ̀gá bi í.

"Nídìí ihò bọ́tìnnì ni, Ọ̀gá."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ gíláàsì ojú wọn nù. Èmi tí mo ti lo ọdún méjìlá lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn, wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, àbúrò mi kò fọ táǹkì mọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀wù funfun. Wọ́n fún èmi náà ní ẹ̀wù funfun nígbà kan, ṣùgbọ́n omi táǹkì ti sọ ọ́ di àwọ̀ tí kò lórúkọ.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ó kó ọ̀rọ̀ mi lọ. A wà nílé Màámi lọ́jọ́ ìsinmi kan, Màámi bi wá pé kí ló kan òróró kan àìsàn ẹja. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Màámi, ọ̀rá inú oúnjẹ tí ẹja bá jẹ ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fi ń ṣe awọ ara rẹ̀. Tí kòkòrò bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì á gé díẹ̀ nínú ọ̀rá yẹn, á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kù. Ẹ wò ó bí ìgbà tí wọ́n bá kígbe olè ládùúgbò. Ẹnì kan á ní ẹ gbà wá o, gbogbo ilé á tú jáde. Ṣùgbọ́n tí olè bá ti lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ pé ó tó, ẹ máa lọ sílé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tó wá gbani náà ni wọ́n máa fọ́ ilẹ̀kùn onílé. Òróró ẹja máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ ‘ó tó’ tí sẹ́ẹ̀lì ń rán pọ̀. Òróró irúgbìn mìíràn wà tó jẹ́ ‘ẹ gbà wá’ ló máa ń pọ̀ níbẹ̀."

Màámi mi orí. Wọ́n wá yíjú sí àbúrò mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà á gbọ́. Bó ṣe máa ń rí nílé wa nìyẹn láti kékeré: bí mo bá sọ pé ọjọ́ òní gbóná, Màámi á wo ojú àbúrò mi kí wọ́n tó ṣí fèrèsé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àwọn àlejò wá sí ibi iṣẹ́ wa, Ọ̀gá ní kí àbúrò mi ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe fún wọn. Mo dúró lẹ́yìn pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni "Ẹ wò ó bí ìgbà tí wọ́n bá kígbe olè ládùúgbò." Bó ṣe wà lẹ́nu mi gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́, títí dórí ilẹ̀kùn onílé. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá kọ ọ́ sójú pátákó, "Ariwo Olè," wọ́n sì fa ìlà sí i nídìí. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn ò pa á rẹ́.

Mo fà á sẹ́yìn táǹkì. "Ọ̀rọ̀ ta lo ń sọ fún àlejò yẹn?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé a jọ ni ín ni."

A jọ ni ín. Ẹni tí kò ní nǹkan lọ́wọ́ ló máa ń sọ pé a jọ ni ín, ṣùgbọ́n àbúrò mi ní ti pátákó, ó ní ti àlejò, ó ní ti Màámi, ó tún fẹ́ ká jọ ni èyí tó kù sí mi lẹ́nu.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Ọ̀gá sọ fún wa pé àwọn fẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì wọn. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ akèrègbè," ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì ni ǹ bá fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n gbà sí iṣẹ́ tí kò ní gbèdéke kí n tó lọ. Tí iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀-mẹ́jọ tó kù yìí bá parí, màá mọ ẹni tí màá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀."

Mo jáde níbẹ̀, mo ti ní in lọ́kàn pé tèmi ni. Ọdún mẹ́rìnlá lórí ilẹ̀ títutù. Tí kì í bá ṣe tèmi, ti ta ni yóò tún jẹ́?

Iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀-mẹ́jọ náà kò le. Táǹkì mẹ́fà ọ̀tún á máa jẹ oúnjẹ tí a fi òróró ẹja pò, mẹ́fà òsì á máa jẹ ti òróró irúgbìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, a ó mú sẹ́ẹ̀lì agbèjà wọn, a ó wo bí wọ́n ṣe ń gbé ìwúkàrà mì àti irú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi ní yàrá ẹja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n máa po oúnjẹ yìí fúnra mi. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo ní kó máa pò ó. Nínú mi mo ń sọ pé, ó ti gba òkè, ó tún fẹ́ gba ìsàlẹ̀.

Nínú fíríìjì ni a máa ń tọ́jú òróró ẹja, nínú òkùnkùn. Àmọ́ tó bá tutù, ó máa ń ki, kì í fẹ́ pò. Èmi, ìwọ̀nba ti ọjọ́ yẹn ni mo máa ń dà sínú ife, màá gbé ife náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, màá sì dá ìgò padà kíá. Àbúrò mi kò mọ èyí, kò bi mí, èmi náà kò sọ fún un. Ó gbé ìgò odindi jáde, ó gbé e sórí pẹpẹ tó wà lókè mọ́tò pọ́ǹpù, níbi tó ti ń móoru, kí òróró náà lè máa ṣàn dáadáa. Ó tilẹ̀ yọ̀ sí ọgbọ́n tó dá. Mo rí i. Mo ń nu gíláàsì táǹkì, mo sì ń nù ún lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni mo gbọ́ òórùn ọ̀dà náà. Àbúrò mi ti lọ sókè láti lọ ka sẹ́ẹ̀lì, mo ṣí ìgò, mo gbé imú sí i. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Òróró irúgbìn kì í tètè bàjẹ́ ní tirẹ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan. Mo dé ìgò náà padà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o. Mo rí orí ọmọ tó wọ́, mo bá tèmi lọ. Láti ọjọ́ yẹn, n kò sún mọ́ ìgò náà mọ́.

N kò ní pa irọ́ fún yín pé ọkàn mi kò lù mí. Ó lù mí, pàápàá nígbà tí mo bá rí àwọn ẹja táǹkì ọ̀tún. Wọn kì í sáré wá síbi oúnjẹ mọ́. Àwọ̀ wọn ti ṣá. Ẹja kò ṣẹ̀ mí. Mo máa ń dúró tì wọ́n, màá ní lọ́la ni màá sọ ọ́. Ilẹ̀ á mọ́, àbúrò mi á wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀, Ọ̀gá á ti máa pè é láti orí àtẹ̀gùn, màá sì tún dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé. Mo pa iná, mo ti àwọ̀n bọ omi, mo kó ẹja fún wọn bó ṣe yẹ, wọ́n gbé sẹ́ẹ̀lì lọ sókè. Èsì tó jáde kò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni retí. Sẹ́ẹ̀lì àwọn ẹja tó jẹ òróró ẹja, àwọn tó yẹ kó mókun, tó yẹ kó mọ ìgbà tó tó, ìwúkàrà díẹ̀ ni wọ́n gbé mì, iṣẹ́ "ẹ gbà wá" ni wọ́n sì ń rán ṣáá, bí ẹni tí wọ́n ti ń kó ilé rẹ̀ láti oṣù méjì. Ọ̀gá ní àbúrò mi ló ṣì í kà. Ó tún un kà. Wọ́n ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n gba gíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, nọ́ńbà kan náà ló jáde.

"A jẹ́ pé bó o ṣe tẹ́ ẹ sórí gíláàsì ni kò dáa," Ọ̀gá sọ fún un lójú gbogbo wa. "Oṣù méjì. Oṣù méjì lo fi ṣòfò."

Mo gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó dùn mọ́ mi nínú títí mo fi dé ìdí àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo máa fi dé ìsàlẹ̀, kò dùn mọ́. Àbúrò mi tẹ̀ lé mi wá, ó lọ dúró ti pẹpẹ, ó ṣí ìgò òróró, ó gbé imú sí i. Ó dé e padà, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì gun òkè lọ.

Ọjọ́ kejì ni Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. Ní gbogbo ọ̀nà tí mo fi ń lọ, mo ń ṣètò ẹnu mi. Mo fẹ́ sọ pé òróró ló bàjẹ́, àbúrò mi ló gbé e síbi tó móoru, ṣùgbọ́n kí wọ́n dárí jì í, kò mọ̀ ni. Mo fẹ́ ṣe bí àgbà tó láàánú. Mo ti pinnu ibi tí màá ti mí kanlẹ̀.

Ọ̀gá ní kí n jókòó. "Ìyá Ẹja, àbúrò yín ti wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní òun lòun gbé òróró kúrò nínú fíríìjì. Ó ní ẹ kìlọ̀ fún òun, ẹ tún kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, òun ni kò gbọ́. Ó ní kò sí ẹni tó mọ ẹja bíi yín, pé orúkọ yín ni kí n fi sílẹ̀. Mo sì ti ń kọ ọ́."

Bírò wà lọ́wọ́ wọn. Mo rí lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ mi lórí ìwé.

N kò kìlọ̀ fún un rí. Ó mọ̀ pé n kò kìlọ̀ fún òun. Ó rí i nídìí ìgò yẹn pé mo mọ̀, pé mo fi òun sílẹ̀, ó wá gun òkè lọ pa irọ́ tó jẹ́ kí n di ẹni rere. Tí mo bá gbà á, iṣẹ́ náà di tèmi, ṣùgbọ́n àbúrò mi ló fi tọrẹ fún mi. Títí màá fi kú ni màá máa jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti jù mí lọ nídìí awò, ó ti jù mí lọ lójú pátákó, ó ti jù mí lọ lẹ́nu Màámi, ó tún wá fẹ́ fi ìwà rere jù mí lọ. Ara mi ò gbà á.

"Irọ́ ló pa fún yín, Ọ̀gá," mo sọ. "N kò kìlọ̀ fún un. Láti ọjọ́ kẹsàn-án ni mo ti mọ̀ pé òróró náà ti ń bàjẹ́. Mo rí i, mo dákẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi dákẹ́?"

"Mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà jẹ́ tèmi."

Ọ̀gá fi bírò sílẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìwé náà, wọ́n fa ìlà lé lẹ́tà mẹ́ta náà. Wọ́n ní wọ́n máa tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àbúrò mi ni wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí àìmọ̀ ló fi ṣe tirẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣì máa tọ́jú ẹja lọ títí ìwé ọdún yẹn á fi parí. Wọn kò gbóhùn sókè rárá.

Àbúrò mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí ojú mi, ó ti mọ̀.

"Ẹ ti sọ fún wọn."

"Mo sọ. Ta ló ní kó o purọ́ fún mi?"

Ó fara ti ògiri. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ fún yín, Ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹ kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

Mo padà sọ́dọ̀ ẹja mi, mo da òróró tó bàjẹ́ náà nù.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dé ilé Màámi, mo bá aládùúgbò wọn níbẹ̀. Àbúrò mi ti ṣáájú mi dé, ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń bó ọsàn. Màámi dìde nílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí mi, ohun tí wọn kì í ṣe fún mi. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n yíjú sí aládùúgbò.

"Àkọ́bí mi nìyí," ni wọ́n wí. "Iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ pátápátá. Ó mọ̀ pé tóun bá sọ òótọ́, àbúrò òun ni wọ́n máa gbé e fún. Ó ṣì sọ ọ́, kí wọ́n má bàa di gbogbo ẹ̀bi ru àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n."

Aládùúgbò ní irú mi ṣọ̀wọ́n lóòótọ́. Màámi kò wo ojú ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gbà á gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo ti ń retí kí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu wọn. Ẹni méjì péré nínú yàrá yẹn ló mọ̀ pé owú ló sọ̀rọ̀ fún Ọ̀gá, pé kì í ṣe ìfẹ́, èkejì sì ń bó ọsàn lẹ́bàá fèrèsé. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ ni, "Màámi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣé, Màámi," ni mo sọ dípò rẹ̀.

Àbúrò mi gbójú sókè wò mí. Ó la ọsàn náà sí méjì, ó na ìdajì rẹ̀ sí mi, mo sì gbà á.